Ìlẹ̀kẹ̀ Inú Àpótí: Wíwọ Ohun Ọ̀ṣọ́ Àtijọ́ àti Ayọ̀ Oge Ṣíṣe

Ìfáàrà

Ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, àpótí kan wà tí a kì í ṣí lójoojúmọ́. Ó lè jẹ́ àpótí onígi, ó lè jẹ́ agolo bisikíìtì àtijọ́, ó sì lè jẹ́ ìdì kékeré kan tí a tì bọ abẹ́ aṣọ òkè. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ ìyá, tàbí ti ìyá ìyá, tàbí ti ẹni tí ilé kò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Bí ìgbéyàwó bá dé, ìdílé a ra ìlẹ̀kẹ̀ tuntun tó pupa yòò lọ́jà, tàbí kí wọ́n háyà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń múra fún ìyàwó. Èyí tó wà nínú àpótí a wà níbẹ̀. Bí a bá béèrè ìdí rẹ̀, èsì kan náà ni a sábà máa ń gbọ́: ó níye lórí jù láti wọ̀ jáde.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé pé èsì yẹn kò pé. Òótọ́ ni pé ohun ọ̀ṣọ́ àtijọ́ ń fẹ́ ìtọ́jú, ṣùgbọ́n wíwọ̀ rẹ̀ wà lára ìtọ́jú náà. Ìlẹ̀kẹ̀ kò ní àkọlé lára. Orúkọ rẹ̀, ibi tí ó ti wá, ẹni tí ó yẹ àti ọjọ́ tí ó yẹ, ẹnu àwọn tó ń wọ̀ ọ́ ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí a bá dẹ́kun wíwọ̀ rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ náà lè wà fún ọgọ́rùn-ún ọdún sí i, ṣùgbọ́n ìmọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ayọ̀ tí ènìyàn ń ní nínú oge ṣíṣe, èyí tí àwọn kan ń wò bí ohun yẹpẹrẹ, ni ó ń gbé ìmọ̀ yìí láti ìran kan dé òmíràn.

Oge ṣíṣe àti ọ̀rọ̀ náà "yẹ"

Bí a bá fẹ́ mọ ojú tí àwọn Yorùbá fi ń wo ìmúra, èdè ni kí a kọ́kọ́ bi. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo kò tó fún wọn láti sọ bí ènìyàn ṣe ń fi ọ̀ṣọ́ sára. A ń wọ bùbá, a ń ró ìró, a ń wé gèlè, a ń dé fìlà, a ń lé tìróò, a ń kun osùn, a sì ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, sọ́wọ́ tàbí sídìí. Kí ìlẹ̀kẹ̀ tó dé ọrùn rárá, ẹnì kan ní láti sín in. Ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ní ọ̀ṣọ́ tirẹ̀, ọ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ọwọ́ tí a fi ń ṣe é. Èyí fi hàn pé oge kọjá kí ènìyàn bo ara. Iṣẹ́ tó ní ìlànà ni, a sì ń kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kejì tó yẹ ká gbé yẹ̀wò ni "yẹ". Bí ẹnì kan bá múra dáadáa, àwọn tó rí i kì í sọ pé aṣọ náà dára nìkan, wọn a ní, "Ó yẹ ọ́." Ohun tó yẹ ènìyàn ni ohun tó bá ara rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, ipò rẹ̀ àti ọjọ́ náà mu. Ohun olówó gọbọi lè má yẹ ẹni tó wọ̀ ọ́, ohun kékeré sì lè yẹ ẹlòmíràn. Ẹ̀yẹ tí a ń ṣe fún ẹni tí a fẹ́ bọlá fún bá ọ̀rọ̀ yìí tan. Bí ohun náà bá sì jẹ́ tuntun lára rẹ̀, wọn a tún fi àdúrà kún un pé, "Ẹ̀mí á lò ó." Nítorí náà, ayọ̀ oge kì í ṣe ti ẹni tó múra nìkan. Ó ń fẹ́ ojú tí yóò rí i, ẹnu tí yóò sọ pé ó yẹ, àti àmín tí yóò tẹ̀lé e.

Orúkọ àwọn ìlẹ̀kẹ̀

Ìlẹ̀kẹ̀ ni orúkọ àpapọ̀, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kì í fi orúkọ àpapọ̀ pe ohun tí wọ́n bá mọ̀ dunjú. Iyùn ni èyí tó pupa. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, orúkọ yìí kó èyí tó ti inú òkun wá àti èyí tí a fi òkúta pupa gbẹ́ pọ̀. Sẹ̀gi ni ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì tó ní àwọ̀ aró. Àkún jẹ́ orúkọ tí a ń gbọ́ ní Ifẹ̀ àti ní àwọn ìlú ìhà ìlà-oòrùn. Ẹ̀jìgbà gba orúkọ rẹ̀ nípa bí a ṣe ń fi í sọ́rùn: okùn gígùn ni, tó ń wálẹ̀ láti ọrùn dé àyà tàbí ikùn. Ti ìdí náà ní orúkọ tiwọn: bẹ̀bẹ̀, jìgìdà, àti lágídígba dúdú tí wọ́n ń fi èèpo ẹkùrọ́ líle gé.

Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ kan wà fún àwọn òrìṣà. Ṣẹ́ṣẹ́ ẹfun, tó funfun, ni ti Ọbàtálá. Kele ni a mọ̀ mọ́ Ṣàngó. Ìdè tó ní àwọ̀ ewé ni babaláwo ń fi sọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n yóò dá ẹni tó wọ̀ wọ́n mọ̀ kí ó tó la ẹnu.

Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ wọ inú orúkọ ènìyàn pẹ̀lú. A ní Iyùnadé, a sì ní Sẹ̀gilọlá. Nígbà tí I. B. Thomas ń kọ ìtàn àròsọ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930, Sẹ̀gilọlá ni orúkọ tí ó fún obìnrin tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn ayé rẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pe orúkọ yìí láìtíì rí sẹ̀gi kan rí. Orúkọ ti jáde síta, ohun tó ni orúkọ sì wà nínú àpótí.

Ibi tí wọ́n ti wá

Èrò kan gbilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ pé gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì tó wà lọ́wọ́ wa ni àwọn oníṣòwò kó wá láti òkè òkun tàbí láti ìkọjá aginjù. Iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn ní Ilé-Ifẹ̀ ti yí èrò yìí padà. Ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Igbó Olókun. Ìtàn Ifẹ̀ fi Olókun hàn gẹ́gẹ́ bí aya Odùduwà, ẹni tí ọrọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Leo Frobenius, ará Jámánì, dé ibẹ̀ ní 1910, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ àti àfọ́kù ìkòkò tí gíláàsì yíyọ́ ti lẹ̀ mọ́ lára.

Ní 2006, James Lankton, Akin Ìgè àti Thilo Rehren fi hàn pé èròjà gíláàsì tí a rí ní Ifẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn gíláàsì tí a mọ̀ láti Yúróòpù àti ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá: ẹfun òkúta àti alumina pọ̀ nínú rẹ̀ ju bó ṣe wọ́pọ̀ níbòmíràn lọ. Lẹ́yìn náà ni Abídèmí Babátúndé Babalọlá walẹ̀ ní Igbó Olókun. Nínú àbájáde tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2017, wọ́n sọ pé ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n rí lé ní 12,000, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ àfọ́kù ìkòkò ìyọ́gíláàsì àti pàǹtírí iṣẹ́ náà. Wọ́n fi iṣẹ́ náà sí àárín ọ̀rúndún 11 sí 15. Ìtumọ̀ èyí ni pé àwọn ará Ifẹ̀ ń pọn gíláàsì fúnra wọn kí ọkọ̀ ojú omi Potogí tó dé etíkun wa.

Bí àwọn ará ìgbà náà ṣe ń wọ ìlẹ̀kẹ̀ wọn hàn lára àwọn ère wọn. Lára àwọn orí idẹ tí a hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, ọ̀kan tó dé adé wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Àmì àwọ̀ pupa ṣì wà lára adé náà, níbi tí ayàwòrán ti ya ìlẹ̀kẹ̀. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń walẹ̀ fún ilé kíkọ́ ní Ìta Yemòó kan àwọn ère mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọba tó dúró ní odindi, tí ìlẹ̀kẹ̀ sì kún ọrùn rẹ̀, àyà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó ṣe é kò kánjú lórí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ yìí. Ó fi ìyàtọ̀ hàn láàárín èyí tó gùn, èyí tó rí roboto, àti èyí tó kéré. Ó dájú pé ojú àwọn tó máa wo ère náà mọ ìyàtọ̀ wọn.

Àwọn olókùúta pupa ní ìtàn tiwọn. Ní Ìlọrin, iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń pè ní lántànà gbilẹ̀ ní ọ̀rúndún 19. Ọ̀yọ́ Ilé ni àwọn ìdílé tó ń ṣe é ti mú iṣẹ́ náà wá, lẹ́yìn tí olú ìlú náà tú ní àwọn ọdún 1830. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é: wọn a fọ́ òkúta náà sí wẹ́wẹ́, wọn a gbẹ́ ẹ, wọn a dá a lu díẹ̀díẹ̀, wọn a sì lọ̀ ọ́ títí yóò fi máa dán. Iṣẹ́ tó ń fẹ́ sùúrù ni, ó sì rẹ̀yìn ní ọ̀rúndún 20.

Iyùn òkun kì í ṣe òkúta rárá. Egungun tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun fi ń kọ́ ibùgbé wọn ni, èyí tó pupa tí ayé sì mọ̀ jù lọ wá láti Òkun Mẹditaréníà. Nígbà tí àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ìbìní ṣòwò ní òpin ọ̀rúndún 15, iyùn wà lára ọjà tí wọ́n ń kó wá. Ní ọ̀rúndún 19, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ láti Yúróòpù pọ̀ lọ́jà, àwọn oníṣẹ́ ọnà, bí irú àwọn ti Ẹfọ̀n-Alààyè, sì fi wọ́n ṣe adé tí gbogbo ayé ń yẹ́ sí lónìí. Nítorí náà, okùn ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo lè ní òkúta Ìlọrin, gíláàsì Ifẹ̀ àti iyùn òkun nínú. Ọwọ́ ẹni tó sín in ló sọ wọ́n di ọ̀kan.

Wíwọ ti àtijọ́ kì í ṣe àṣà tuntun

Àwọn kan rò pé fífẹ́ràn ohun ọ̀ṣọ́ àtijọ́ jẹ́ àṣà tí a kọ́ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tó ń ṣa nǹkan àtijọ́ jọ. Ìtàn Igbó Olókun kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí Frobenius tó dé ibẹ̀ ni àwọn ará ìlú ti ń walẹ̀ igbó náà láti wá ìlẹ̀kẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ti sùn sínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni wọ́n hú jáde, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n sín, tí wọ́n sì tún fi sọ́rùn tàbí tà fún ẹlòmíràn. Ẹni tó wọ̀ ọ́ mọ̀ pé òun kọ́ ni olówó rẹ̀ àkọ́kọ́, iyì rẹ̀ sì pọ̀ sí i nítorí èyí.

Kí a má ṣì wá gbọ́. Ohun tí wọ́n ṣe nígbà náà kò di àṣẹ fún ẹnikẹ́ni láti máa walẹ̀ kiri lónìí. Ìlẹ̀kẹ̀ tí a bá hú láìsí awalẹ̀pìtàn níbẹ̀ ti pàdánù ẹ̀rí tó wà ní àyíká rẹ̀, òfin Nàìjíríà tó dá Àjọ Àwọn Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní 1979 sì ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ láìgba àṣẹ. Èyí tí ọ̀rọ̀ wa dá lé ni ohun tí a jogún: èyí tó ti ọrùn ìyá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ.

Ayọ̀ tí a rí àti ayọ̀ tí a kò rí

Láyé àtijọ́, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè wọ gbogbo ìlẹ̀kẹ̀. Adé onílẹ̀kẹ̀ tó ní ìbòjú jẹ́ ti ọba, àwọn ìjòyè sì ní ìwọ̀n tí ó tọ́ sí wọn. Síbẹ̀, ọmọ tálákà náà ní ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Òwe wa sọ pé, "Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn." A máa ń pa òwe yìí nígbà tí a bá fẹ́ sọ pé tẹni ni tẹni. Ohun tí a kì í sábà kíyè sí ni ohun tí òwe náà kà sí dandan kó tó bẹ̀rẹ̀: pé òbí ni ó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ, àti pé ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí kọ́ wa ní nǹkan pàtàkì nípa ayọ̀ oge. Abẹ́ aṣọ ni ó wà. Ẹni tó wọ̀ ọ́ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bóyá ìró rẹ̀ kékeré nìkan ni ẹlòmíràn gbọ́ nígbà tó bá ń rìn. Ayọ̀ yìí kò dúró de ìyìn. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, ayọ̀ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde jẹ́ ti gbangba. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ a jáde pẹ̀lú aṣọ kan náà, àwọn ìdílé ẹlẹ́ṣin a tẹ̀lé wọn, iyùn a sì kún ọrùn àti ọwọ́. Oge méjèèjì ni ojúlówó. Ọ̀kan ń sọ fún ẹni tó wọ̀ ọ́ pé ó ní iyì, èkejì ń sọ fún ìlú.

Ohun tí ó kọjá òkun

Nígbà tí a kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba, wọn kò lè gbé àpótí lọ. Ohun tí wọ́n gbé lọ ni ìmọ̀: èwo ni àwọ̀ òrìṣà wo, báwo ni a ṣe ń sín in, ta ni ó yẹ. Ní Cuba títí di òní, eleke ni wọ́n ń pe ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà tí a ń fi sọ́rùn ẹni tó wọlé sínú ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ náà ṣe é dá mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ní Bahia, ní Brazil, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọ̀rúndún 18 àti 19, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, ẹrú àti àwọn tó ti ra ara wọn padà, tí àwọn Nàgó wà lára wọn, ń wọ ohun ọ̀ṣọ́ wúrà àti fàdákà tó tóbi: ìlẹ̀kẹ̀ wúrà oníhò nínú, ẹ̀gbà ọwọ́ fífẹ̀, àti balangandã, ìyẹn ìdì fàdákà tí a so èso, ẹja, kọ́kọ́rọ́ àti ọwọ́ dídì rọ̀ mọ́, tí wọ́n ń fi kọ́ ìbàdí. Inú ìjọba kò dùn sí i. Ní 1696, ọba Potogí pàṣẹ pé kí ẹrúbìnrin má ṣe wọ ṣẹ́dà tàbí wúrà. Àṣẹ kò pa oge. Fún obìnrin tí òfin kà sí ohun ìní ẹlòmíràn, wúrà tó wà lọ́rùn rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣọ́ owó tó lè gbé rìn, tó sì lè tà láti ra òmìnira. Ó tún jẹ́ ìdáhùn sí àwọn tó sọ pé ọ̀ṣọ́ kò yẹ ẹ́. Díẹ̀ lára àwọn ohun ọ̀ṣọ́ yìí wà ní Museu Carlos Costa Pinto ní Salvador. Ṣùgbọ́n ní ìlú Cachoeira, ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdọọdún, àwọn àgbà obìnrin ẹgbẹ́ Boa Morte ṣì ń wọ ìlẹ̀kẹ̀ àti wúrà wọn jáde sí ìgboro. Ẹni tó bá rí méjèèjì yóò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí a tò sínú gíláàsì àti ohun tí ó ń mì lára ènìyàn.

Okùn ìyá àgbà

Mo fẹ́ fi ìrírí ilé wa ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Nígbà tí ìyá bàbá mi kú, okùn iyùn kan ni ó fi sílẹ̀ tí gbogbo ilé mọ̀. Ó máa ń fi sọ́rùn ní ọjọ́ ìkómọ àti ọjọ́ ọdún, àwa ọmọdé a sì máa kà á nígbà tí a bá jókòó sórí itan rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ márùn-ún jókòó, wọ́n gé okùn náà, wọ́n sì pín in dọ́gba. Kò sí ìjà. Ìpín náà tọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ bí Ìyá àgbà ṣe to wọn.

Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, àbúrò mi obìnrin fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Mo lọ bẹ àwọn ìyá mi pé kí wọ́n kó ìpín wọn wá kí a tún un sín fún ìyàwó. Èyí tó dàgbà jù wò mí lójú.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kí ó já sílẹ̀ lójú agbo ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Bó bá já, a ó ṣà á."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì pa òwe: "Ìlẹ̀kẹ̀ má jàá sílé, má jàá síta, ibì kan ni yóò já sí." Ó wọlé lọ mú tirẹ̀ wá.

Ìpín mẹ́ta ni a rí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá mi ti ta tirẹ̀ fún oníṣòwò kan tó ń kiri àdúgbò, nígbà tí owó ilé ìwé àwọn ọmọ há. Kò sí ẹni tó bá a wí. Ẹnì kan wá tirẹ̀ títí, kò rí i. A sín mẹ́ta yẹn pọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe fi okùn náà sọ́rùn àbúrò mi, àwọn ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ rí. Sẹ̀gi méjì tó wà láàárín kì í ṣe ti Ìyá àgbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá tirẹ̀ ló fún un nígbà tó ń lọ ilé ọkọ. Èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sán ni ó kọ́kọ́ fi èrè ọjà ara rẹ̀ rà. Wọ́n jiyàn lórí èyí tó yẹ kó wà nísàlẹ̀, wọ́n tú u, wọ́n sì tún un sín lẹ́ẹ̀mejì. Fún ọdún mọ́kànlá tí ìlẹ̀kẹ̀ náà fi wà nínú àpótí mẹ́ta, ìtàn yìí wà lọ́kàn wọn, kò sì sí ohun tó pè é jáde. Ọrùn ìyàwó ni ó pè é.

Bí a ṣe lè wọ̀ ọ́ láìbà á jẹ́

Ẹ̀rù àwọn àgbà kì í ṣe lásán. Ohun àtijọ́ lè bàjẹ́, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iyùn òkun tutù mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì wúwo. Oníke fúyẹ́, kì í sì í tutù bẹ́ẹ̀. Olókùúta tí a fi ọwọ́ dá lu sábà máa ń ní ihò tí a lù láti ìhà méjèèjì títí wọ́n fi pàdé láàárín. Irú sẹ̀gi àtijọ́ kan wà tí ó jẹ́ aró nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sí i lára, ṣùgbọ́n tí a bá gbé e síwájú iná, àwọ̀ ewé tó ń pọ́n ni yóò yọ. Etí ihò tí okùn ti jẹ jẹ́ àmì pé ìlẹ̀kẹ̀ náà ti pẹ́ lára ènìyàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi iná tàbí ọ̀bẹ dán ìlẹ̀kẹ̀ wò; ojú, ọwọ́ àti ìbéèrè lọ́wọ́ àgbà ti tó.

Ọ̀tá iyùn òkun ni ohun kíkan. Oje ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọtí kíkan máa ń jẹ ara rẹ̀, lọ́fínńdà àti òógùn kì í sì í jẹ́ kó dán. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ó jẹ́ ohun ìkẹyìn tí a ó fi sára lẹ́yìn tí a bá ti kun ìpara tí a sì ti fín lọ́fínńdà, kí ó sì jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí a ó bọ́ tí a bá délé. A kì í fi wẹ̀. Aṣọ rírọ̀ tí omi kan díẹ̀ ni kí a fi nù ún, kí a tó fi èyí tó gbẹ nù ún gbẹ. Kí a máa yẹ okùn rẹ̀ wò lọ́dọọdún, kí a sì ta kókó láàárín ìlẹ̀kẹ̀ kan àti èkejì. Bí okùn náà bá já, ẹyọ kan ni yóò bọ́ sílẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó tú okùn àtijọ́, kí ó kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun, kí ó sì ya fọ́tò rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ fọ́tò náà, kí ó kọ orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, àti ọjọ́ tí ó máa ń wọ̀ ọ́. Bí ó bá pọn dandan kí a pín in, kí olúkúlùkù gba ẹ̀dà fọ́tò yìí pẹ̀lú ìpín rẹ̀. Bí àìní bá mú kí a ta á, kí a tà á gẹ́gẹ́ bí ohun tí a mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ohun tí ó ní lọ́wọ́ ni oníṣòwò ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ti rí i pé ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ àwọn ìdílé Yorùbá jẹ́ àkójọ ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ Ifẹ̀, ti Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin, àti ti òwò orí òkun. A ti rí i pé fífi ohun tí àwọn aláìsí wọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ kì í ṣe àṣà àjèjì láàárín wa, àti pé ní òkè òkun, níbi tí a kò ti lè gbé ìlẹ̀kẹ̀ lọ, ìmọ̀ wíwọ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó parẹ́.

Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó yẹ kó fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí kò lè bá ilé ṣe: kò lè fi ìlẹ̀kẹ̀ ìyá sọ́rùn ọmọ kí àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rántí. Nítorí náà, kí a tó sáré lọ ra tuntun fún ìgbéyàwó tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣí àpótí. Kí a pe àgbà tó kù nínú ilé, kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí a kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, kí a sì wọ̀ ọ́ jáde. Àwọn tó bá rí i yóò ní ó yẹ wá, àwa náà yóò sì mọ ìdí tí ó fi yẹ. Ẹ̀mí á lò ó.